Ọjà Ń Tà, Owó Ò Sí: Àṣìṣe Àwọn Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dá Òwò Sílẹ̀

Ẹ gba Ọjà Ọba kọjá lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, kí ẹ bi ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìsọ̀ pé ọjà ńkọ́. Á ní a dúpẹ́, ó ń tà. Ẹ wá bi í pé èló ló jẹ lérè lóṣù tó kọjá. Ẹ̀rín ló máa fi dá yín lóhùn. Kì í ṣe pé ó ń fi pamọ́ fún yín o, kò mọ̀ ọ́n ni. Púpọ̀ nínú àwọn tí ìsọ̀ wọn kógbá sílé ní Òṣogbo yìí, ọjà kúkú ń tà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n tà á tán ni, wọn ò rí owó tí wọ́n máa fi kó òmíràn.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ò gbọdọ̀ ṣe ni kí ẹ pe owó tó wọlé ní èrè. Ẹ jẹ́ ká mú aládìrẹ kan, ìlú aró ṣáà la wà. Ká ní ó ra aṣọ funfun ọ̀pá márùn-ún ní ₦7,500, ó pa á láró, ó tà á ní ₦14,000, ó wá ní òun jẹ ₦6,500. Níbo ló ti jẹ ẹ́? Àbẹ́là tó yọ́ sórí aṣọ yẹn ńkọ́? Aró ńkọ́, àti kọ́sítíìkì àti háídírọ́ọ̀sì, kẹ́míkà tí wọ́n ń pò mọ́ aró? Igi tó fi se omi tó fi bọ́ àbẹ́là kúrò? Owó ọmọ tó bá a fi omi ṣàn án, tó bá a lọ̀ ọ́? Ọ̀rá tó dì í sí, ọ̀kadà tó gbé e lọ sí gáréèjì nítorí oníbàárà Èkó? Ká ní àbẹ́là àti kẹ́míkà gba ₦2,300, igi ₦500, owó iṣẹ́ ₦1,200, ọ̀rá àti ọ̀kadà ₦700. Àpapọ̀ rẹ̀ ₦4,700. Ohun tó kù sí i lọ́wọ́ ni ₦1,800, a ò sì tíì mẹ́nu ba owó ìsọ̀. Bẹ́ẹ̀, nítorí pé ₦6,500 ló wà lọ́kàn rẹ̀, bí oníbàárà bá ná an dáadáa, á yọ ₦3,000 fún un tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó ti fi ₦1,200 tirẹ̀ lé aṣọ náà fún onítọ̀hún nìyẹn, ó tún ń kí i pé ẹ ṣeun, ẹ tún padà wá.

Ẹ má sọ pé kẹ́míkà ò ṣeé pín sórí aṣọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí kìlò kọ́sítíìkì kan sílẹ̀. Nígbà tó bá tán, ẹ ka iye aṣọ tó pa, kí ẹ fi pín owó rẹ̀. Bákan náà ni ti ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì tàbí tó ń ránṣọ: ìyẹ̀fun àti òwú náà ní iye iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó tán.

Èyí tó tún ń da ìwé rú, tí àwọn èèyàn kì í kà sí, ni ọ̀rọ̀ àjọ. Alájọ á dé láàárọ̀, ẹ fún un ní ₦1,000, ẹ sì kọ ọ́ sí ìnáwó. Lópin oṣù, ó kó owó dé, ẹ tún kọ ọ́ mọ́ owó tó wọlé bí ẹni pé ẹ tajà. Ìwé yín ti parọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá dá ₦1,000 lójoojúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́, tí alájọ yọ tọjọ́ kan, ₦1,000 tó yọ yẹn nìkan ni ìnáwó. ₦29,000 tó kù, owó yín ni látilẹ̀ wá, ibòmíì ló kàn lọ sùn. Owó tí ẹ yá lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù náà kì í ṣe owó ọjà. Èlé orí rẹ̀ ni ìnáwó. Ojú owó tí ẹ ń dá padà, gbèsè lẹ fi ń san. Ojú ewé tirẹ̀ ni kí ẹ fún un.

Ẹ má da owó ilé pọ̀ mọ́ owó ìsọ̀. Gbogbo ayé ló ń sọ èyí, nítorí náà mi ò ní fà á gùn. Ẹ ṣí àkáǹtì míì fún ọjà, kí ẹ dá iye kan fún ara yín lóṣù. Bí ọmọ bá wá mú bísíkíìtì nínú igbá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ mú un. Kò sí ẹni tó ní kí ọmọ má jẹun.

Lórí àwìn, mo ti rí ìwé tí wọ́n kọ báyìí sí: “Ìyá Ìbejì, aṣọ aláwọ̀ ewé, ó kù díẹ̀.” Ìyá Ìbejì wo, ní Òṣogbo? Èló ni díẹ̀? Orúkọ, nọ́ńbà fóònù, ọjọ́, ohun tó gbé, iye rẹ̀, iye tó san àti ọjọ́ tó máa san ìyókù, ojú oníbàárà náà ni kí ẹ ti kọ gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá bínú pé ẹ ń kọ orúkọ òun, kò ní í lọ́kàn láti san án.

Ẹ má fi August wọn ọdún. Nígbà ọdún Ọ̀ṣun, àlejò á kún ìlú, àdìrẹ àti ìlẹ̀kẹ̀ á tà, ẹni tuntun á sì ti lọ gba ìsọ̀ kejì. September dé, owó ilé ìwé gba ọwọ́ gbogbo èèyàn. Ẹ fi August ti ọdún yìí wé ti èṣí.

Àwọn kan ò fẹ́ kọ nǹkan kan sílẹ̀ nítorí owó orí. Òdìkejì ló rí. Èrè ni wọ́n ń gba owó orí ẹni tó ń dá ṣòwò lé lórí, kì í ṣe gbogbo ohun tó tà. Lábẹ́ òfin tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù kìíní 2026, ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tó yẹ kéèyàn san owó orí lé lórí lọ́dún kò ní owó orí kankan. Bí ẹ ò bá ní ìwé tí ẹ máa fi hàn, òṣìṣẹ́ owó orí lè fojú díwọ̀n iye tí ẹ máa san. Kí ẹ sì má gbàgbé rìsíìtì POS: láàárín oṣù mélòó kan, pàápàá tó bá wà níbi tó gbóná, ohun tó wà lára rẹ̀ ti parẹ́. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ gbà á.