Bí mo ṣe ṣe iná tó ń jẹ́ kí àbúrò mi rí ohùn

Àbúrò mi ọkùnrin, etí ẹ̀ ò gbọ́ràn dáadáa, tí wọ́n bá ń lu gángan níbi ìnáwó ṣe ló máa ń lọ gbé ọwọ́ lé ojú awọ kejì kó lè mọ̀ ọ́n lára. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní mo máa to iná wẹ́wẹ́ (LED) mẹ́wàá fún un, ohùn kékeré á tan méjì mẹ́ta, ohùn ńlá á tan gbogbo ẹ̀.

IC (ẹ̀yà ẹ̀rọ kékeré tó ń pinnu iye iná tó máa tàn) tí mo fẹ́ lò ni LM3915, ẹlẹ́sẹ̀ 18. LM3914 ni wọ́n kó fún mi lọ́jà, wọ́n jọra bí ìbejì, èmi náà ò dẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Mo tò ó tán, mo sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kò tàn rárá, mo pariwo, mẹ́fà tàn lẹ́ẹ̀kan náà. Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi ń tú wáyà kí n tó ka nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀! 3914, àtẹ̀gùn ẹ̀ dọ́gba, iye volt kan náà ló fi ń ti iná kan bọ́ sí òmíì, àmọ́ 3915, decibel 3 ni àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan (decibel ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe le tó), ó sún mọ́ bí etí èèyàn ṣe ń gbọ́, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ náà hàn.

Máìkì ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ẹ fi mítà wò ó, ẹsẹ̀ tó kan páànù ara ẹ̀ ló ń lọ sí négétíìfù. Ẹsẹ̀ kejì ni mo fi resistor 10k, tó ń dín iná kù, gbé iná fún, mo wá fi capacitor, tó ń jẹ́ kí ohùn nìkan kọjá, gbé ohùn ibẹ̀ lọ sínú LM358, IC míì, kó lè sọ ọ́ di ńlá, kó tó wọ ẹsẹ̀ 5 LM3915. Ẹsẹ̀ 9 mo so ó mọ́ pọ́sítíìfù, kí iná lè tò bí ọ̀pá, tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ lásán ẹyọ kan ṣoṣo lá máa sáré lọ sókè sódò. Inú mi dùn pé LED kọ̀ọ̀kan ò nílò resistor tiẹ̀, ẹyọ 1.2k kan lẹ́sẹ̀ 7 ti tó. Ìkọ̀ọ̀kan ń mu bíi milliamp 10, tí gbogbo ẹ̀ bá tàn ó ti di 100, bátìrì 9V ò lè gbé ìyẹn pẹ́, mo bá lo ṣájà fóònù.

Bọ̀dá mi tó ń lu gángan ní ṣọ́ọ̀ṣì bá wa gbé ìlù wá lálẹ́. Ó lù ú, iná ń jó, àmọ́ nǹkan kan ń dùn mí: bó fún ọsán kó dún lókè, bó dẹ̀ ẹ́ kó dún nísàlẹ̀, tí agbára kọ̀ǹgọ́ bá ti dọ́gba, iye iná kan náà ló ń tàn. Bí ohùn ṣe le tó nìkan ló mọ̀, kò mọ dò yàtọ̀ sí mí, bẹ́ẹ̀ inú dò rè mí yẹn ni ọ̀rọ̀ gángan wà. Ìyẹn ni mo máa kọjú sí báyìí.

Àbúrò mi ò tiẹ̀ bèèrè ìyẹn. Ó gba kọ̀ǹgọ́ lọ́wọ́ bọ̀dá, ó tẹjú mọ́ iná, ó ń wá bó ṣe máa lù ú tí ẹyọ mẹ́rin péré á fi tàn.