Bí mo ṣe wá ibi tí ìtànṣán gamma kan ti jáde

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mànàmáná bá ti kọ, a máa ń kà á: ení, èjì, ẹ̀ta, títí àrá yóò fi sán. Màmá mi kì í bá wa kà á ní tiwọn. "Ẹ pa rédíò yẹn!" ni wọ́n máa ń pariwo, torí rédíò náà á ti máa ha ṣàà-ṣàà kí òjò tó dé ọ̀dọ̀ wa. Lóṣù tó kọjá ni mo tún padà sídìí kíkà yẹn lórí kọ̀ǹpútà, àmọ́ kì í ṣe àrá ni mo ń dúró dè.

Mo gbọ́ pé àwọsánmà òjò máa ń yọ ìtànṣán gamma, irú ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú wa kò lè rí, tó lágbára gan-an. Ọdún 1994 ni Gerald Fishman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde rẹ̀. Ojú ọ̀run lọ́hùn-ún ni ẹ̀rọ wọn, tó wà lára sátẹ́láìtì Compton, ń ṣọ́, àfi bí gamma ṣe ń wọlé láti ìsàlẹ̀, láti ilé ayé. Agbára iná ẹlẹ́tíríìkì inú àwọsánmà ló ń lé àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, àwọn ègé bíńtín inú átọ́ọ̀mù, ní eré àsápajúdé. Ọ̀kan á di méjì, méjì á di àìmọye, ibi tí wọ́n bá sì ti forí sọ afẹ́fẹ́ ni gamma ti ń jáde. Gbogbo rẹ̀ kì í sábà pé mílísẹ́kọ́ǹdì kan: ẹ pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí 1,000, kí ẹ mú ìpín kan ṣoṣo.

Mo wa àkọsílẹ̀ sátẹ́láìtì Fermi, tí òun náà ń ṣọ́ gamma, jáde. Ó wà ní gbangba. Láti 2008 títí di oṣù keje ọdún 2016, fláàṣì gamma irú èyí 4,144 ló wà nínú rẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé Fermi ò lè tọ́ka síbi tí gamma ti wá. Ó lè jẹ́ abẹ́ rẹ̀ gan-an, ó sì lè jẹ́ ibi tó fi ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún kìlómítà jìnnà. Rédíò ló ń tú àṣírí. Irú ariwo ṣàà yẹn tí mànàmáná ń dá sílẹ̀, èyí tó wà láàárín 3 sí 30 kHz, lè rin ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà. WWLLN, àjọ àwọn ibùdó rédíò tó ń wá ibi tí mànàmáná ti kọ, tí Yunifásítì Washington ní Seattle ń darí, ní ibùdó tó lé ní 70 káàkiri ayé. Tí ó kéré tán márùn-ún nínú wọn bá gbọ́ mànàmáná kan, wọ́n á mọ ibi tó ti kọ àti ìgbà tó kọ.

Mo mú fláàṣì kan tí mànàmáná rẹ̀ fi nǹkan bí 300 kìlómítà jìnnà sí abẹ́ Fermi. Iṣẹ́ mi ni kí n yọ àkókò tí gamma fi rìn kúrò, kí n wò ó bóyá òun àti rédíò jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Fermi wà ní nǹkan bí 550 kìlómítà sókè, mo fi àwọsánmà sí 15, ó ku 535. Mílísẹ́kọ́ǹdì 1.78 ni ìmọ́lẹ̀ fi ń rin ìyẹn. Mo yọ ọ́, kò bára mu. Gamma fi bíi 0.28 gbẹ̀yìn rédíò, bẹ́ẹ̀ fláàṣì ọ̀hún fúnra rẹ̀ ò ju 0.1 lọ!

Ọjọ́ méjì ni mo fi bú fáìlì. Àṣé ìnaro ni mo ń wọ̀n, ẹ̀gbẹ́ sì ni gamma gbà wá. Mo lo ẹ̀kọ́ onígun mẹ́ta tí wọ́n nà wá lé lórí ní girama, ó di 613 kìlómítà, mílísẹ́kọ́ǹdì 2.05. Ó ṣì ku bíńtín. Ilé ayé ò tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìgbà tí mo fi bó ṣe tẹ̀ kún un, ó di 620, ó di 2.07. Ìyàtọ̀ tó kù kò tó 0.04.

Ìgbà yẹn ni ohun tí Valerie Connaughton àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ní 2013 tó yé mi. Wọ́n ní nínú fláàṣì kúkurú, àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó bí gamma náà ló bí ariwo rédíò. Ohun tí WWLLN kọ sílẹ̀ bíi mànàmáná lásán, ariwo fláàṣì fúnra rẹ̀ ni.

Fláàṣì kejì tí mo mú pẹ́ ju èyí lọ. Ibi tí mànàmáná rẹ̀ yẹ kó wà ṣófo. Báyìí ló sábà ń rí fún àwọn tó bá pẹ́, rédíò wọn kì í lágbára tó. Mo pa kọ̀ǹpútà dé.