Àṣìṣe tó ń ba sáà Erasmus jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó gbéra nílé

Ní ọdún 1958, ọmọbìnrin ará Ítálì kan tó ń jẹ́ Sofia Corradi padà sí Róòmù láti Yunifásítì Columbia ní New York. Ó ti gba oyè másítà níbẹ̀. Ó gbé ìwé rẹ̀ lọ sí yunifásítì tó ń lọ nílé pé kí wọ́n ka ẹ̀kọ́ tí òun kọ́ lókè òkun mọ́ èyí tí òun ti kọ́ lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún jà kí irú rẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀ sí akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn. Nígbà tí ètò Erasmus, tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lọ kàwé fún ìgbà díẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Yúróòpù mìíràn, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1987, orílẹ̀-èdè 11 ló wà nínú rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ 3,244 ló sì kọ́kọ́ bá a lọ. Màmá Erasmus ni wọ́n ń pe obìnrin náà títí dòní.

Mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ wa tó ń palẹ̀ mọ́ láti lo sáà kan ní yunifásítì mìíràn ní Yúróòpù mọ ìtàn yìí, nítorí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nígbà náà ló ṣì ti ń wọ́ jù. Àwọn èèyàn a máa bẹ̀rù òtútù, èdè àti oúnjẹ. Ìwé ló ń dá ọ̀pọ̀ padà sẹ́yìn, ó sì ti máa ń bàjẹ́ kí wọ́n tó di ẹrù.

Ẹ má fi ìlérí ẹnu rọ́pò ìwé

Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Yunifásítì kan ní Jámánì ni mo ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ másítà mi, mo sì lọ lo sáà kan ní ìlú kan lápá àríwá Ítálì. Nígbà tí mo débẹ̀, wọn kò kọ́ méjì nínú àwọn kọ́ọ̀sì tí mo kọ sínú Learning Agreement mi, ìyẹn ìwé àdéhùn ẹ̀kọ́, ní sáà yẹn. Sáà kejì ni wọ́n máa ń kọ́ wọn. Mo mú méjì mìíràn tó jọ wọ́n. Mo pe olùkọ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ wa nílé, ó sì fi ọ̀yàyà dá mi lóhùn lórí fóònù pé kò séwu, kí n ṣáà mú èsì bọ̀. Mo gbà á gbọ́. Mo kàwé, mo yege, mo padà. Olùkọ́ náà ti lọ síbi iṣẹ́ mìíràn. Ẹni tó gba ipò rẹ̀ ṣí fáìlì mi, kò rí kọ́ọ̀sì méjèèjì níbẹ̀, ó ní òun ò lè fọwọ́ sí ohun tí òun ò bá nínú ìwé. Kẹ́rẹ́díìtì 12 lọ bẹ́ẹ̀. Mo ní láti fi odindi sáà kan kún un kí n tó jáde, mo sì san owó ilé àti owó adójútòfò oṣù mẹ́fà tí kò yẹ kí n san.

Àdéhùn ẹlẹ́ni mẹ́ta ni Learning Agreement: ẹ̀yin, yunifásítì yín nílé, àti yunifásítì tó gbà yín lálejò. Ẹni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ẹ tó gbéra. Inú Tábìlì A ni ẹ ó kọ kọ́ọ̀sì tí ẹ ń lọ kọ́ sí. Inú Tábìlì B ni ẹ ó kọ èyí tí wọn yóò fi rọ́pò nílé sí. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a máa fara balẹ̀ kọ A, wọ́n a wá sáré kọ B. B ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ jókòó tì, torí òun ló ń sọ ohun tí wọn yóò kà fún yín bí ẹ bá padà dé. Kẹ́rẹ́díìtì ECTS, òṣùwọ̀n ẹ̀kọ́ tí àwọn yunifásítì Yúróòpù jọ ń lò, 30 rẹ̀ ló para pọ̀ di sáà kan. Ẹyọ kan nínú rẹ̀ dúró fún iṣẹ́ wákàtí 25 sí 30, ìwé tí ẹ ń dá kà nílé sì wà nínú iye yẹn. Ẹ má wo orúkọ kọ́ọ̀sì nìkan. Ẹ wo sáà tí wọ́n ń kọ́ ọ, èdè tí wọ́n fi ń kọ́ ọ, àti iye kẹ́rẹ́díìtì rẹ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá ti ọdún yìí ni ìwé kọ́ọ̀sì tí ẹ ń kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ti ọdún tó kọjá ni èmi lò.

Bí kọ́ọ̀sì bá yí padà lẹ́yìn tí ẹ débẹ̀, fọ́ọ̀mù wà fún un. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún àkọ́kọ́ nínú sáà ni wọ́n máa ń fún yín láti béèrè ìyípadà. Ẹ kọ ọ́, kí ẹni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tún fọwọ́ sí i, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Tí olùkọ́ bá sọ fún yín lórí fóònù pé kò séwu, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ wá fi ímeèlì ránṣẹ́ sí i nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà: ohun tí ẹ bá mi sọ lónìí nìyí, fọ́ọ̀mù rẹ̀ nìyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọwọ́ sí i. Mo mọ ìdí tí ó fi ṣòro fún wa. Wọ́n tọ́ wa pé bí àgbà bá ti fẹnu sọ ọ̀rọ̀, kí ọmọdé má tún ní kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kó má baà dà bíi pé a ò gbà á gbọ́. Ohun tó di ahọ́n mi mú lọ́jọ́ náà nìyẹn. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ni wọ́n ń rí bí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe, kò sì sí àgbà kankan níbẹ̀ tí yóò bínú sí yín.

Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń yí máàkì padà náà. Ní Ítálì, 30 ni máàkì tó ga jù, 18 ni ìyege. Ní Faransé, 20 ló ga jù, 10 ni ìyege. Ní Jámánì, 1.0 ló dára jù, 4.0 ni ìyege tó kẹ́yìn, 5.0 sì ni ìjákulẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan fi èsì 1.3 ránṣẹ́ sílé, bàbá rẹ̀ kò sùn lóru ọjọ́ náà títí tó fi ṣàlàyé fún wọn. Yunifásítì yín ní tábìlì tí wọ́n fi ń ṣe ìyípadà yìí. Ẹ gbà á kí ẹ tó lọ.

Ẹ má tẹ̀ lé ẹsẹ̀ ẹni tó ní pásípọ́ọ̀tù Yúróòpù

Ibí yìí ló kan àwa ọmọ Nàìjíríà gan-an, ó sì ń bí mi nínú pé àwọn tó ń ṣètò kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ọ́. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ẹ jọ wà ní kíláàsì kàn máa di ẹrù rẹ̀, yóò wọ rélùwéè, yóò dé Spéènì. Ẹ̀yin tí ẹ ní pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà àti ìwé ìgbélùú Jámánì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé ìgbélùú yẹn gbà yín láyè láti wà ní àwọn orílẹ̀-èdè Schengen yòókù, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó ti mú àyẹ̀wò ìwé kúrò ní ẹnubodè àárín wọn, fún ọjọ́ 90 péré nínú ọjọ́ 180. Sáà ẹ̀kọ́ kan a máa jẹ́ oṣù mẹ́rin, márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ fúnra yín.

Ọ̀nà àbáyọ wà. Òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù kan, Directive 2016/801, gba akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nínú ètò bíi Erasmus láyè láti lo ìwé ìgbélùú orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ fi kàwé ní òmíràn fún tó ọjọ́ 360. Ṣùgbọ́n àwọn orílẹ̀-èdè kan ń béèrè pé kí wọ́n kọ́kọ́ fi tó wọn létí kí akẹ́kọ̀ọ́ tó wọlé. Dẹ́nmáàkì àti Áyálándì kò sí nínú òfin náà rárá. Áyálándì kò tiẹ̀ sí nínú Schengen, nítorí náà ìwé ìgbélùú Jámánì tàbí Ítálì kò lè mú yín wọ ibẹ̀. Oṣù mẹ́rin ṣáájú, ó kéré tán, ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì ní yunifásítì méjèèjì, kí ẹ sì bi iléeṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè tí ẹ ń lọ. Ẹ sọ fún wọn kedere pé ọmọ Nàìjíríà ni yín, torí bí ẹ ò bá sọ ọ́, ìdáhùn tó bá ọmọ Yúróòpù mu ni wọn yóò fún yín.

Ẹ wo ọjọ́ tí ìwé ìgbélùú yín máa parí pẹ̀lú. Tó bá máa parí nígbà tí ẹ wà lọ́hùn-ún, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó lọ. Ní Jámánì, ìwé ìgbélùú lè di òfo bí ẹni tó ni ín bá kúrò nílùú ju oṣù mẹ́fà lọ láì kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ ọ́fíìsì àwọn àjèjì. Ẹni tó bá fẹ́ lo ọdún kan gbọ́dọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀, kó sì gba ìdáhùn wọn ní kíkọ.

Ẹ má sanwó ilé tí ẹ kò rí

Gbájúẹ̀ pọ̀ nídìí ilé akẹ́kọ̀ọ́. Ìtàn wọn kì í yàtọ̀: yàrá náà mọ́, ó sún mọ́ yunifásítì, owó rẹ̀ kéré sí ti àdúgbò; onílé ní òun ti lọ ṣiṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè, kí ẹ fi owó oṣù méjì ránṣẹ́, òun yóò fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́ nínú lẹ́tà. Kọ́kọ́rọ́ yẹn kò ní dé láé. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti gbà yín ni kí ẹ ti kọ̀wé béèrè ilé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ yunifásítì, torí yàrá máa ń tán kíákíá. Tí kò bá bọ́ sí i, ẹ gba ibùsùn ní họ́sítẹ́ẹ̀lì fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ wá fi ojú ara yín wo ilé.

Ẹni tó bá ń lọ sí Jámánì gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìlú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó bá wọlé, ìwé tí onílé fọwọ́ sí ni wọ́n sì ń béèrè. Onílé tó bá ní kí ẹ má forúkọ sílẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀, kó dùn kó kàn. Ní Ítálì, nọ́ńbà owó orí tí wọ́n ń pè ní codice fiscale ni ẹ ó kọ́kọ́ wá. Wọn á béèrè rẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ tọwọ́ bọ ìwé ilé.

Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ kí ẹ tó mọ ọjọ́ ìdánwò

Sáà orílẹ̀-èdè kan kò bá ti èkejì mu. Ní Swídìn, sáà ìgbà ìwọ́wé máa ń bẹ̀rẹ̀ ní òpin oṣù kẹjọ, ó sì ń parí ní àárín oṣù kìíní. Ní Jámánì, ìkẹ́kọ̀ọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá, ìdánwò a sì bọ́ sí oṣù kejì. Ọ̀pọ̀ ìdánwò Ítálì jẹ́ ti ẹnu, akẹ́kọ̀ọ́ níwájú olùkọ́, a sì máa ń yan ọjọ́ nínú mélòó kan tí wọ́n là sílẹ̀. Bí ẹ bá kùnà lákọ̀ọ́kọ́, ẹ lè padà lọ ní ọjọ́ mìíràn. Ẹni tó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì Kérésìmesì láti lọ sílé pátápátá ti sọ àǹfààní yẹn nù, ẹni tó bá sì dúró de ìdánwò lè bá sáà tuntun nílé tó ti bẹ̀rẹ̀ láìsí òun.

Nípa owó: yunifásítì tó gbà yín lálejò kò ní gba owó ilé-ìwé lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n ti ilé yín kò dúró. Owó ìrànwọ́ Erasmus kì í wọlé lẹ́ẹ̀kan, apá tó kù ń dúró de ìgbà tí ẹ bá kọ ìròyìn yín tán. Ẹ di owó oṣù méjì mú lọ́wọ́. Kí ẹ sì sọ òtítọ́ fún àwọn ará ilé. Tí wọ́n bá gbọ́ pé ìjọba Yúróòpù ń fún yín lówó, wọn yóò rò pé owó oṣù ni. Owó ilé àti oúnjẹ ni, kò sì tó o tán.

Káàdì ìlera Yúróòpù tí wọ́n ń pè ní EHIC máa ń tọ́jú yín ní ilé ìwòsàn ìjọba, àmọ́ kò ní san owó bàálù bí àìsàn bá mú kí wọ́n gbé yín padà, Dẹ́nmáàkì kì í sì í gbà á lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè Yúróòpù. Ẹ ra adójútòfò mìíràn kún un.

Ẹ má gbé inú agbo kan ṣoṣo

Agbo méjì ló ń fa ọmọ wa. Èkíní ni ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Erasmus, Gẹ̀ẹ́sì láàárọ̀, Gẹ̀ẹ́sì lálẹ́. Èkejì ni ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ọmọ Nàìjíríà, níbi tí ìrẹsì àti Yorùbá wà. Méjèèjì ló dára, èmi ò lè sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lọ. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ló gbé oúnjẹ wá fún mi nígbà tí ibà dá mi wó. Àmọ́ oṣù márùn-ún kéré púpọ̀. Ètò Erasmus ní ẹ̀kọ́ èdè ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó lọ, kí ẹ sì kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kíni. Ní Ítálì àti Faransé, ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù láì kí èèyàn ti hùwà àìmọ̀wàáhù kó tó béèrè ọjà. Èyí kò ṣòro fún ọmọ Yorùbá. Ìyá arúgbó kan tó ń ta èso nítòsí ilé mi, tí mo ń kí lójoojúmọ́, ló kọ́ mi ní Ítálíà ju kíláàsì lọ.

Ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀

Ẹ má kúrò nílùú láì gba ìwé tó ń jẹ́rìí ọjọ́ tí ẹ dé àti ọjọ́ tí ẹ lọ. Ọjọ́ inú rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣírò owó yín, ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì kì í sì í fọwọ́ sí i ṣáájú ọ̀sẹ̀ tí ẹ ń lọ. Ẹ bi wọ́n nípa wákàtí iṣẹ́ wọn, torí wọ́n lè má ṣí ju ọjọ́ méjì lọ lọ́sẹ̀. Èsì ìdánwò yóò tẹ̀ lé yín bọ̀ nílé. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn tí máàkì bá jáde ni wọ́n fún wọn láti fi ránṣẹ́. Bí ọ̀sẹ̀ kẹfà bá dé tí ẹ ò rí nǹkan, ẹ kọ̀wé sí wọn. Tó bá sì dé, ẹ fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ Learning Agreement yín kí ẹ tó gbé e fún ẹnikẹ́ni, kí ẹ ka orúkọ àwọn kọ́ọ̀sì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ rí i pé wọ́n bára mu.