Àṣìṣe tí àwọn ọ̀gá tuntun ń ṣe nídìí títún ẹ̀rọ ńlá ṣe

Ó ti sú mi. Gbogbo ìgbà ni mo ń rí ọ̀gá tuntun tó ń fi owó ilé-iṣẹ́ ṣòfò nídìí àléébù tí kò yẹ kó gbà ju wákàtí kan lọ. Ìwọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe olórí àwọn mẹkáníìkì tó ń tún katapílà, lódà àti típà ṣe, mo mọ̀ pé o mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. N kò ní kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dá ọ́ìlì nù. Bí wọ́n ṣe ń darí ọmọṣẹ́ ni mo bá wá.

1. Má gba sípánà lọ́wọ́ ọmọṣẹ́ rẹ. Ọwọ́ rẹ yá, òun ni wọ́n ṣe gbé ọ ga, bí ọmọ náà bá wá ń fà á nílẹ̀, ara rẹ kò ní gbà á. Ṣùgbọ́n bí o bá ti wọ abẹ́ ẹ̀rọ kan, ẹ̀rọ márùn-ún tó kù kò ní alábòójútó mọ́, ọmọ tí o tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kò sì ní mọ̀ ọ́n ṣe lọ́la.

2. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ abẹ́ ohun tó jẹ́ pé háídírọ́líìkì, ìyẹn agbára ọ́ìlì tí páǹpù ń tì, nìkan ló gbé e dúró, ì báà ṣe ẹ̀yìn típà, ì báà ṣe apá lódà. Irin ni kí ẹ fi tì í.

3. Má ra pààtì nígbà tí o kò tíì mọ ohun tó bàjẹ́. Èyí gan-an ló jẹ́ kí n kọ̀wé.

Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ di ọ̀gá, wọ́n gbé ẹ̀rọ agbẹ́lẹ̀ kan wá. Kò lágbára mọ́, gbogbo ara rẹ̀ ló ń falẹ̀. Dírẹ́bà ní páǹpù ló kú. Ọ̀gá ibi tí wọ́n ti nílò rẹ̀ ń pè mí ní wákàtí wákàtí, èmi náà ń pariwo mọ́ àwọn ọmọ pé kí wọ́n yá ọwọ́. Kò sẹ́ni tó so gééjì tó ń wọn agbára ọ́ìlì mọ́ ọn. Páǹpù tuntun dé, a dè é, ẹ̀rọ jáde. Kò lò tó ọ̀sẹ̀ kan tó fi padà wá. Nígbà tí a la fílítà rẹ̀, irin wẹ́wẹ́ kún inú bébà rẹ̀, ó ń dán yinrinyinrin. Páǹpù àkọ́kọ́ ti lọ ara rẹ̀, ó ti tú irin sínú tánkì, sínú hóòsì, sínú rédíétọ̀ ọ́ìlì, a ò sì fọ ọ̀kankan nínú wọn. Irin tí òkú páǹpù fi sílẹ̀ ni páǹpù tuntun mu yó.

A ò tíì mọ ohun tó pa àkọ́kọ́ o. Ọmọ tó kéré jù láàárín wọn ló sọ ọ́ jẹ́jẹ́: “Ọ̀gá, lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e dé, ọ́ìlì inú gíláàsì tánkì ń hó bí omi ọṣẹ.” Mo ní kí ló dé tí kò sọ. Ó ní, “Ẹ ò bi mí, sà, inú sì ń bí yín.” Kílíìpù hóòsì tó ń fa ọ́ìlì láti tánkì lọ sí páǹpù ni kò fún mọ́. Ọ́ìlì kò jò níbẹ̀, torí fífà ló ń fà. Afẹ́fẹ́ ló ń gbà wọlé. Afẹ́fẹ́ yẹn ló ń fọ́ nínú páǹpù, tó ń gé irin rẹ̀ jẹ díẹ̀díẹ̀. Kílíìpù kan pa páǹpù méjì, èmi ni mo sì jẹ́ kó pa èkejì.

Láti ìgbà yẹn, n kì í fọwọ́ sí ìwé pààtì kankan tí kò bá sí nọ́ńbà lórí káàdì iṣẹ́. Kí ni gééjì kà? Ṣé ó ń falẹ̀ láti òtútù ni, àbí ìgbà tí ọ́ìlì gbóná? Ṣé gbogbo ara ni, àbí apá kan ṣoṣo? Bó bá jẹ́ apá kan, páǹpù tó ń bọ́ gbogbo wọn kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Bó bá jẹ́ gbogbo rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti tánkì, kí ẹ sì la fílítà. Bí irin bá wà níbẹ̀, fífọ gbogbo ọ̀nà ọ́ìlì ti di ara iṣẹ́ náà nìyẹn.

Bákan náà ni ti iná. Ẹ̀rọ kò jí, wọ́n ti ra bátìrì méjì tuntun, nígbà tó jẹ́ pé wáyà tó so bátìrì mọ́ ara irin ẹ̀rọ ló ti dípẹtà. Ẹ fi mítà wọn bátìrì nígbà tí ẹnìkan ń yí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ wọn ìdí sítátà náà. Bí iná bá pé lórí bátìrì tí kò sì dé ọ̀dọ̀ sítátà, ojú ọ̀nà ló ti sọnù.

Fílítà afẹ́fẹ́ ńkọ́? Ẹ yé é ṣí i láràárọ̀ láti fẹ́ ẹ. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí i ni eruku ń rí ọ̀nà wọ ẹ́ńjìn.

Bí háídírọ́líìkì bá ń jò, ọwọ́ kọ́ la fi ń wá a, páálí ni. Agbára inú hóòsì yẹn lè kọjá 3,000 psi (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka bí ọ́ìlì ṣe ń tì tó), ọ́ìlì a gba ihò tó kéré bí ojú abẹ́rẹ́ wọ inú ẹran ara. Ó lè má dun ọmọ náà lákọ̀ọ́kọ́, yóò ní kò ṣe nǹkan kan. Ìwọ ọ̀gá ni kí o gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí o sì sọ fún dókítà pé ọ́ìlì ló wọ̀ ọ́ lára. Bí ẹ bá dúró di ọ̀la, ìka lè lọ.

Àgádágodo: ẹnì kọ̀ọ̀kan fi tirẹ̀ ti ẹ̀rọ tó ń tún ṣe, kí ẹlòmíràn má baà jí i, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lápò rẹ̀.

Láàárín àwọn tó ṣiṣẹ́ alẹ́ àti àwọn tòwúrọ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó. Bóòtì tí ẹ bá ti fún dé ìwọ̀n, ẹ fi ọ̀dà funfun fa ìlà kọjá lórí rẹ̀ dé ara irin tó jókòó lé. Èyí tí kò ní ìlà, ẹ ò tíì fún un.

Má sì bú ẹni tó fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ àṣìṣe. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a ti ń fọwọ́, ẹ̀rọ fẹ́ jáde, ọmọ kan wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọ́ìlì ṣì wà ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ó ní, “Ọ̀gá, wáṣà mẹ́rin ni mo tú, mẹ́ta ni mo rí.” Bó bá jẹ́ ọdún tí mò ń pariwo yẹn ni, kò ní sọ ọ́. A dá ọ́ìlì nù, a tú abẹ́ ẹ́ńjìn, ilẹ̀ ti ṣú pátápátá kí òun fúnra rẹ̀ tó fi irin òòfà fà á jáde. Lówùúrọ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo wọn, mo sì pe àwọn tó ń dúró de ẹ̀rọ pé kò ní dé títí di ọ̀sán.