Bí ọlọ́pàá bá lu èèyàn yín nítorí ẹ̀ṣẹ̀ kékeré, ẹ má fọ aṣọ rẹ̀

Àìdé akoto lórí ọ̀kadà ni wọ́n tìtorí ẹ̀ mú àbúrò mi nítòsí Ọjà Ọba, Akúrẹ́. Kò bá wọn jà. Nígbà tí mo fi máa dé àgọ́ wọn, ojú rẹ̀ ọ̀tún ti dí pa, bọ́tìnnì mẹ́ta ti já lára ṣẹ́ẹ̀tì tí mo fọwọ́ ara mi rán fún un, ẹ̀jẹ̀ sì ti gbẹ mọ́ kọ́là. Aránṣọ ni mí ní Arákàlẹ̀, èmi kì í ṣe lọ́yà. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹsẹ̀ mi ni mo fi rìn ín.

Ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, kó má jà, kó má sá, ṣùgbọ́n kó pariwo orúkọ ara rẹ̀ àti nọ́ńbà ẹnì kan. Àbúrò mi pariwo tèmi; ìyá aláta kan ló kọ ọ́ sẹ́yìn páálí tó fi pè mí. Ọlọ́run á bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá yẹn.

Ní àgọ́, ẹ kọ́kọ́ kí wọn: "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Kí lẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀? Ta ni IPO rẹ̀?" IPO ni ọlọ́pàá tó ń wádìí ẹjọ́ náà. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, àti aago tí ẹ débẹ̀. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 ní kí wọ́n sọ ìdí tí wọ́n fi mú èèyàn fún un, kí wọ́n má dá a lóró, kí wọ́n má sì mú ìyá dípò ọmọ. Béèlì, ọ̀fẹ́ ni. Níbi tí kọ́ọ̀tù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni ìwé òfin 1999 fún wọn láti gbé e débẹ̀, kọ́ọ̀tù ò sì wọ́n l'Ákúrẹ́. Bí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kó má fọwọ́ sí sítétímẹ́ǹtì tí wọn ò túmọ̀ fún un.

Ibi tí mo ti ṣìṣe rèé. Alẹ́ tó délé ni mo fi ọṣẹ fọ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn. Mi ò lè fara da ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìyá mi kó máa wò mí. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, lọ́yà béèrè rẹ̀, aṣọ funfun báláú ni mo gbé fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ fi í kọ́ síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, tí oòrùn ò pa, títí á fi gbẹ, kí ẹ fi bébà wé e. Ẹ má ṣe dì í sínú ọ̀rá, yóò bu.

Ọjọ́ tí wọ́n bá tú ẹni tí wọ́n lù sílẹ̀ gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, kó sọ bí wọ́n ṣe ṣe ojú egbò kọ̀ọ̀kan fún dókítà, kí dókítà kọ ọ́. Kódà nígbà tó ṣì wà ní àtìmọ́lé, òfin tó lòdì sí ìdálóró, ti 2017, fún un ní ẹ̀tọ́ sí dókítà tó bá yàn. Ẹ ya fọ́tò lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tún yà á lọ́jọ́ kejì, torí ibi tó wú máa ń dúdú sí i.

Ẹni tí kò lówó lọ́yà, kó lọ bá Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń fún èèyàn ní lọ́yà, ọ̀fẹ́ ni fún tálákà. Kọ́ọ̀tù gíga lè ní kí wọ́n san owó gbà-má-bínú fún ẹni tí wọ́n mú láìtọ́, kí wọ́n sì tọrọ àforíjì ní gbangba. Gbogbo ìwé tí ẹ bá ní, ẹ ṣe fọ́tòkópì rẹ̀ méjì, kí ojúlówó má kúrò lọ́wọ́ yín.