A kì í fárí lẹ́yìn olórí: bí mo ṣe ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn alábòójútó

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ rọrùn lẹ́nu: kí n ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn alábòójútó tuntun níbi iṣẹ́ wa. Ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ tiẹ̀ ti mú àkọlé wá: bí aṣáájú ṣe ń báni sọ̀rọ̀. Ó ku kí n wá olùkọ́, kí n mú ọjọ́. Mo ní kí wọ́n fún mi láyè kí n kọ́kọ́ rí àwọn tọ́rọ̀ kàn, nígbà tí ìwé ṣì ṣófo. Tí ètò bá ti délẹ̀ tán kí ẹ tó pe èèyàn sí i, wọn á kàn ní ó dáa, wọn á bá tiwọn lọ.

Ìbéèrè méjì ni mo fi ṣa àwọn tí màá rí: ta ló lè dá ètò yìí dúró, ta ló sì máa jìyà rẹ̀ tí kò bá dáa? Àwọn alábòójútó fúnra wọn jáde, àwọn ọ̀gá ẹ̀ka tó wà lórí wọn, àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lábẹ́ wọn, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ẹni tó di owó mú, àti ẹni tó ń pín ìgbà iṣẹ́. Ẹni ìkẹyìn yìí, wọn kì í sábà rántí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló mọ ọjọ́ tí alábòójútó lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìjẹ́ pé nǹkan dàrú.

Mi ò bi ẹnikẹ́ni pé irú ẹ̀kọ́ wo ló fẹ́. Ẹni tẹ́ ẹ bá bi bẹ́ẹ̀, orúkọ ẹ̀kọ́ tó ti gbọ́ rí ló máa dá. Ọgbọ́n kan wà tí John Flanagan, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣe ẹ̀dá, kọ nípa rẹ̀ ní 1954, lẹ́yìn tó ti bá àwọn ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì: ẹ ní kí èèyàn sọ ìṣẹ̀lẹ̀ kan pàtó tó ṣojú rẹ̀, ohun tí ẹni náà ṣe, àti ohun tó tìdí ẹ̀ yọ. Ẹ má jẹ́ kó máa sọ ìwà èèyàn fún yín.

Àmọ́ kí òṣìṣẹ́ kankan tó lanu, aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bi mí pé, "Ta ló máa ka ohun tá a bá sọ fún yín?" Ìbéèrè gidi ni. A kọ ọ́ sílẹ̀ pé orúkọ ẹnikẹ́ni ò ní sí níbẹ̀, àti pé ohun tí alábòójútó bá ṣe nínú kíláàsì ò ní wọ fáìlì rẹ̀. Mo sì rí ọ̀gá lọ́tọ̀, mo rí ọmọọṣẹ́ lọ́tọ̀. Ẹ kó wọn pọ̀ sí yàrá kan, ohùn ọ̀gá nìkan lẹ máa gbọ́.

Arábìnrin kan wá sọ èyí: "Ẹnì kan ń pẹ́ dé lójoojúmọ́. Alábòójútó wa rí i, ó gbójú sápá kan, ó pín iṣẹ́ ẹ̀ fún àwa tó kù. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni." Irú ẹ̀ pọ̀ lẹ́nu àwọn mìíràn. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ alábòójútó kan, ó ní, "Lánàá la jọ ń bú ọ̀gá. Ṣé kí n wá dọ̀gá lé wọn lórí lónìí ni?" Ó hàn gbangba pé wọ́n mọ ọ̀rọ̀ sọ dáadáa. Bí wọ́n ṣe máa bá ẹgbẹ́ wọn àná wí ló há wọn lọ́fun.

Ó wá ku àkọlé ọ̀gá wa. Bí mo ṣe ń gba ìtàn wọ̀nyí jọ ni mo ń fi wọ́n hàn án, mi ò dúró dìgbà tí màá parí. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló ní ká yí àkọlé padà. Ká ní èmi ni mo dá a lábàá níwájú ìgbìmọ̀, ìjà ni ì bá dà.

Ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá ẹ̀ka ni mo pẹ́ sí jù. Ní 1959, Donald Kirkpatrick, olùkọ́ yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, pín àyẹ̀wò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sí ìpele mẹ́rin: bó ṣe rí lára akẹ́kọ̀ọ́, ohun tó kọ́, ohun tó yí padà nínú ìṣe rẹ̀, àti èrè tó bá ibi iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ kì í kọjá ìkíní, wọ́n á ní káwọn èèyàn kọ̀wé bóyá wọ́n gbádùn ẹ̀. Èmi bẹ̀rẹ̀ láti ìkẹrin, mo bi ẹni tó di owó mú pé kí ló máa rí tó máa fi gbà pé owó ò ṣòfò. Ó ní kí ẹjọ́ tí wọ́n ń gbé fo alábòójútó dín kù. Ìpele kẹta sì di tàwọn ọ̀gá ẹ̀ka: kí kálukú jókòó ti alábòójútó rẹ̀ ṣáájú ẹ̀kọ́, kí wọ́n mú ọ̀rọ̀ kan tí alábòójútó náà ti ń sá fún, kí ọ̀gá sì bi í léèrè rẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Àwọn kan kùn pé iṣẹ́ mi nìyẹn. Mo ní olùkọ́ á lọ, àwọn ló máa kù síbẹ̀.

Gbogbo ohun tí wọ́n béèrè kọ́ ló wọlé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti sọ pé ìmọ̀ràn ni mò ń gbà, ọ̀gá àgbà ló ni àṣẹ. Ohun tí a yọ, mo kọ ìdí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí n tó fi ìwé ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ̀kọ́ wá di ìdajì ọjọ́ ìdajì ọjọ́, torí ẹni tó ń pín ìgbà iṣẹ́ ní àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru ò ní lè jókòó látàárọ̀ dalẹ́. Ìwọ̀nba lolùkọ́ ń sọ. Wọ́n ń fi àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ tá a gbà jọ dánra wò ní méjì méjì.

Ohun kan ṣoṣo la ṣì fà mọ́ra wa lọ́wọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀: tí alábòójútó bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá èèyàn wí lóòótọ́, ẹjọ́ lè kọ́kọ́ pọ̀ sí i kó tó dín kù. Mo jẹ́ kí ẹni tó di owó mú mọ̀ ṣáájú, a sì fẹnu kò pé a ó máa wo irú ẹjọ́ tó ń wọlé, kì í ṣe iye rẹ̀ nìkan.