Bí mo ṣe fi ọwọ́ ara mi ṣẹ́ etí kúbùsù alágékù lẹ́yìn tí mo ti sanwó fún aránṣọ

₦9,000 ni mo san fún aránṣọ kan ní Akúrẹ́ níhìn-ín pé kí ó bá mi fi ẹ̀rọ ṣẹ́ etí kúbùsù kan ṣoṣo, ìyẹn ni pé kí ó fi ọ̀já aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ bo etí rẹ̀ yí ká níwájú àti lẹ́yìn. N kò ná tó ìdajì owó yẹn lórí ojú kúbùsù náà, nítorí pé àgékù ańkárá tí mo ti ń kó jọ láti ọdún mẹ́ta ni mo fi rán an fún ọmọ-ọmọ mi, kí ọyẹ́ tó dé. Nígbà tí iṣẹ́ náà tẹ̀ mí lọ́wọ́, iwájú rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n bí mo ti yí i padà báyìí, mo rí i pé abẹ́rẹ́ ti fo ọ̀já etí náà ní ibi mọ́kànlá lẹ́yìn, débi pé mo lè ki ọmọńdinrín mi bọ inú ihò wọn. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì wú kókó-kókó. Mo pè é lórí fóònù, ó ní, “Ẹ má bínú, mà, bí ẹ̀rọ ṣe máa ń ṣe é nìyẹn.”

Ohun tí ó dùn mí jù ni ti aṣọ. Ó ti ní kí n ra ọ̀pá méjì ańkárá fún etí nìkan, nítorí pé báyáàsì ni òun yóò gé, ìyẹn ni pé kí a gé aṣọ ní ìdágẹ̀ẹ́rẹ́. Mo gbà á gbọ́, mo sì lọ rà á ní Ọjà Ọba. Bí etí kúbùsù bá ṣe roboto, ó nílò báyáàsì lóòótọ́, nítorí pé aṣọ tí a gé bẹ́ẹ̀ máa ń fà, a sì lè tẹ̀ ẹ́ bí a ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n etí kúbùsù tèmi tọ́ gbọnrangandan. Fífà yẹn gan-an ni ó ba iṣẹ́ jẹ́: aránṣọ ń fa ọ̀já náà bí ó ti ń rán an, nígbà tí ọ̀já náà sì súnkì padà, ó fa gbogbo etí kúbùsù náà ká jọ.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo tó jókòó ṣe ìṣirò. Kúbùsù náà jẹ́ ìǹṣì 60 ní ìbú àti ìǹṣì 72 ní gígùn, nítorí náà àyíká rẹ̀ jẹ́ ìǹṣì 264. Mo fi 12 kún un fún igun àti ibi tí ẹnu ọ̀já yóò ti pàdé, ó di 276. Bí ańkárá bá fẹ̀ tó ìǹṣì 45, ọ̀já méje tí a gé tààrà ní ìbú aṣọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní ìǹṣì méjì ààbọ̀, ti tó, títí kan èyí tí yóò ṣòfò níbi tí a bá ti so wọ́n pọ̀. Ìdajì ọ̀pá péré nìyẹn!

Mo fi abẹfẹ́lẹ́ tú gbogbo rẹ̀, ìrọ̀lẹ́ méjì ni ó sì gbà mí. Mo gé ọ̀já tuntun lára aṣọ ẹbí aláwọ̀ aró kan tí ó ṣẹ́kù sọ́wọ́ mi, mo so wọ́n pọ̀, mo ṣẹ́ wọn po sí méjì ní gígùn, mo lọ̀ wọ́n, mo sì fi ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mi rán wọn mọ́ iwájú kúbùsù. Ẹni tí ó bá mọ aṣọ rán kò nílò kí n sọ èyí. Igun nìkan ni ó ní ọgbọ́n nínú: ẹ dúró nígbà tí ó bá ku ìdámẹ́rin ìǹṣì, ẹ ká ọ̀já náà sókè ní ìdágẹ̀ẹ́rẹ́, ẹ dá a padà wálẹ̀ kí ibi tí ó ti ṣẹ́ bá etí òkè dọ́gba, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti etí. Igun tèmi mú ṣáṣá, mo sì yin ara mi.

Ibi tí ẹnu ọ̀já méjèèjì ti gbọ́dọ̀ pàdé ni mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Mo ti fi nǹkan bí ìǹṣì 12 sílẹ̀ láìrán. Lákọ̀ọ́kọ́, mo kàn ki ẹnu kan bọ inú èkejì. Ó wú kókó, irú kókó tí mo torí rẹ̀ bínú sí aránṣọ. Mo tú u. Lẹ́ẹ̀kejì, mo so wọ́n pọ̀ ní ìdágẹ̀ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé ẹnu kan ti lọ́, àfìgbà tí mo ti gé èyí tí ó ṣẹ́kù dànù. Mo tún tú u, mo fi ègé mìíràn lé e. Lẹ́ẹ̀kẹta, kò lọ́, ṣùgbọ́n ó fi ìǹṣì kan kúrú, bí mo sì ti ń gbìyànjú láti fà á ni iná lọ. Mo jókòó sínú òkùnkùn, abẹ́rẹ́ lẹ́nu, mo ń bú ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Ọmọbìnrin kan ní ẹ̀yìnkùlé wa, tí ó ṣì wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, ni ó bi mí láàárọ̀ ọjọ́ kejì pé, “Màmá, báwo ni ọ̀já yín ṣe fẹ̀ tó kí ẹ tó ṣẹ́ ẹ po?” Mo ní ìǹṣì méjì ààbọ̀. Ó ní, “Kí ẹnu kan gun orí èkejì ní ìǹṣì méjì ààbọ̀ náà gẹ́lẹ́, mà, kí ẹ tó gé e.” Ohun tí mo ń wá nìyẹn! A tú ẹnu méjèèjì sílẹ̀ kúrò nínú ìṣẹ́po, a gbé ojú wọn kọ ara wọn ní àgbélébùú, a fi píìnì dè wọ́n, a tẹ́ kúbùsù sílẹ̀ wò bóyá ọ̀já náà lọ́, a sì rán an láti igun dé igun. Ó tẹ́jú bí ẹni pé kò sí ìsopọ̀ níbẹ̀ rárá.

Ọwọ́ ni mo fi rán ẹ̀yìn. Pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń sá aṣọ ni mo fi di ọ̀já náà mú, òwú mi kò gùn ju apá mi lọ, abẹ́rẹ́ sì ń gba inú ìṣẹ́po ọ̀já kọjá kí ó tó bu aṣọ ẹ̀yìn jẹ díẹ̀, láìdé iwájú. Alẹ́ márùn-ún ni, orí ìka mi sì dá lu. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni wá wá ojú òwú lára rẹ̀.

N kò sọ pé ẹ̀rọ kò dára. Kúbùsù ọmọdé tí a óò máa fọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nílò agbára ẹ̀rọ, àmọ́ ẹ̀yìn ni kí aránṣọ ti kọ́kọ́ rán ọ̀já mọ́ ọn, kí ó wá ká a wá sí iwájú, níbi tí yóò ti máa rí ohun tí abẹ́rẹ́ ń ṣe. Aránṣọ tèmi bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, ó sì ń méfò ẹ̀yìn. Mo ti béèrè ìdajì owó mi; ó ní òun yóò pè mí. Ní báyìí ná, àgékù onígun mẹ́ta tí ó kù nínú ọ̀pá méjì yẹn wà nínú báàgì mi, mo sì ti ń fi wọ́n to ojú kúbùsù kejì.